Adágún Omi Tàbí Àgbá Irin: Ìfiwéra Ètò Pàjáwìrì Fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbé Lẹ́bàá Ilé Iṣẹ́ Iná Núkílíà Tí Wọ́n Ti Pa

Ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan pé òun àti ọkọ òun ti rí ilé méjì, pé àwọn kò sì mọ èyí tí àwọn yóò gbà. Ó ní, "Bàbá, méjèèjì ló sún mọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa méjèèjì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní físíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó." Ilé àkọ́kọ́ wà ní nǹkan bíi kìlómítà 6 sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n pa ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ilé kejì sún mọ́ tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ju kìlómítà 3, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí iná ti kú níbẹ̀. Ní àdúgbò àkọ́kọ́, fèrè pàjáwìrì wà lórí òpó gíga ní ìkòríta, wọ́n sì máa ń fi ìwé tó ṣàlàyé ọ̀nà tí èèyàn yóò gbà jáde ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlé. Ní àdúgbò kejì, kò sí fèrè, kò sí ìwé. Ti àkọ́kọ́ ni ọkàn ọkọ rẹ̀ fà sí, nítorí ó ní ó hàn gbangba pé ìjọba ń mójú tó ibẹ̀.

Ohun tó mú mi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìyá rẹ̀, àbúrò mi tó ń gbé ní Ikere, máa tó lọ bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí àsìkò yẹn ni ó fẹ́ lọ, oṣù mẹ́fà ni yóò sì lò níbẹ̀. Òun nìkan ni yóò wà nínú ilé pẹ̀lú ìkókó lọ́sàn-án nígbà tí àwọn yòókù bá ti lọ síbi iṣẹ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kò sì mọ ọkọ̀ wà. Bí a bá fẹ́ fi ètò pàjáwìrì yan ilé, ojú tirẹ̀ ló yẹ kí a fi wò ó. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìdílé tiwa nìkan ni irú ìbéèrè yìí yóò bá, nítorí pé agboolé tí kò ní ọmọ ní òkè òkun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́ ní Ekiti, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilé iṣẹ́ iná núkílíà ń darúgbó ní Amẹ́ríkà, tí Jámánì sì ti pa mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú tirẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023.

Ohun tí wọ́n pa, àti ohun tí kò ṣeé pa

Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn obìnrin tó ń yan gààrí rí yóò mọ̀ pé wọn kì í dúró kí gààrí gbẹ tán kí wọ́n tó fa igi kúrò lábẹ́ agbada. Mo wo ìyá kan ní Ikole tó fa gbogbo igi jáde, tó da omi sí wọn lórí títí èéfín fi lọ, tó wá bu ọwọ́ gààrí kan sí agbada, tó sì ń fi igbá rò ó títí ó fi gbẹ ṣáúṣáú. Ooru tó ti wọ inú ààrò alámọ̀ yẹn tó iṣẹ́ náà ṣe. Iná ti kú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kan agbada náà yóò jóná.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀pá yùréníọ̀mù tó ń dáná nínú ríákítọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń fọ́ yùréníọ̀mù láti mú ooru jáde, jọ èyí, àmọ́ ó le jù ú lọ, nítorí pé ooru tiwọn kì í ṣe èyí tó wọ̀ wọ́n lára láti ìta. Inú wọn gan-an ló ti ń jáde, láti ara àwọn èròjà tí yùréníọ̀mù fọ́ sí, tí wọ́n ń yí padà díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n sì ń tú ìtànṣán àti ooru sílẹ̀ bí wọ́n ti ń yí padà. Kò sí bọ́tìnì tí èèyàn lè tẹ̀ láti dá a dúró. Ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bá pa ríákítọ̀, ooru tí àwọn ọ̀pá náà ṣì ń mú jáde tó nǹkan bíi ìdá 7 nínú 100 ti agbára tí ríákítọ̀ náà ní nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, kò tó ìdá 1 nínú 100 mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrẹ̀sílẹ̀ náà ń falẹ̀, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí wọ́n pa ilé iṣẹ́ kan kò fi tó èèyàn fi ṣe ìpinnu. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ọmọ wa ni pé níbo ni àwọn ọ̀pá náà wà báyìí: ṣé nínú adágún omi ni, àbí nínú àgbá? Kò mọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ilé háyà fún wọn náà kò mọ̀. Ó gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó rí ìdáhùn, ìdáhùn náà ló sì fún ìfiwéra yìí ní ẹsẹ̀: ní ilé àkọ́kọ́, inú omi ni gbogbo wọn wà, ní ilé kejì, inú àgbá ni gbogbo wọn wà, kò ku ẹyọ kan.

Àdúgbò tí ọ̀pá rẹ̀ wà nínú omi

Iṣẹ́ méjì ni omi ń ṣe nínú adágún: ó ń gba ooru lára àwọn ọ̀pá, ó sì ń dí ìtànṣán wọn. Omi tó bò wọ́n mọ́lẹ̀ máa ń jìn tó nǹkan bíi mítà 7, débi pé òṣìṣẹ́ lè dúró létí adágún kí ó sì máa wo ìsàlẹ̀ láìsí ewu. Ṣùgbọ́n omi yẹn kò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan. Pọ́ǹpù ló ń yí i ká, iná mànàmáná ló sì ń gbé pọ́ǹpù. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ náà sì kọ̀, omi yóò máa gbóná, yóò sì máa fà díẹ̀díẹ̀. Bí adágún bá là, tí omi sì ṣàn lọ tán nígbà tí àwọn ọ̀pá ṣì gbóná gan-an, irin sirkóníọ̀mù tí wọ́n fi bo yùréníọ̀mù lè gbiná. Ohun tí èéfín irú iná bẹ́ẹ̀ yóò gbé jáde jù lọ ni èròjà olóró kan tó ń jẹ́ sísíọ̀mù 137, tí ó máa ń gbà tó 30 ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó pòórá nínú ilẹ̀.

Irú iná bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí ní ilé iṣẹ́ iná kankan, mo sì fẹ́ kí ó yé gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí, kí ẹ̀rù má baà ba ẹnikẹ́ni ju bó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n a rí ọjọ́ tí gbogbo ayé bẹ̀rù pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ní Fukushima ní Japan, wọ́n ti pa ríákítọ̀ kẹrin láti oṣù kọkànlá ọdún 2010 fún àtúnṣe, wọ́n sì ti kó gbogbo ọ̀pá inú rẹ̀ sí adágún. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti omi òkun ya lu ibẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, tí iná sì lọ pátápátá, ríákítọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ rárá yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń bẹ̀rù jù, nítorí pé adágún rẹ̀ wà lókè ilé, ilé náà sì ti bú gbàmù. Wọ́n padà rí i pé omi kò tán nínú rẹ̀. Ó di ìparí ọdún 2014 kí wọ́n tó kó gbogbo ìdì ọ̀pá tó wà níbẹ̀ kúrò, iye wọn sì lé ní 1,500. Nígbà tí ọkọ ọmọ wa bá ń sọ pé wọ́n ti pa á, ríákítọ̀ kẹrin yẹn ni mo máa ń rántí.

Ètò tí wọ́n ṣe fún irú àdúgbò yìí ní Amẹ́ríkà jinlẹ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá ilé iṣẹ́ iná núkílíà Three Mile Island ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní oṣù kẹta ọdún 1979 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kí agbègbè tó fẹ̀ tó máìlì 10, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 16, yí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ká, níbi tí aráàlú yóò ti mọ bí wọn yóò ṣe sá àti bí wọn yóò ṣe fara pamọ́ sínú ilé. Kí agbègbè mìíràn tó fẹ̀ tó máìlì 50, nǹkan bíi kìlómítà 80, sì wà fún àyẹ̀wò oúnjẹ, omi àti wàrà. Fèrè, ìwé ọ̀nà àbáyọ, ìdánrawò pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá àti panápaná, ibùdó tí wọn yóò kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú ètò náà. Jámánì kò ya tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kìlómítà 5, 20 àti 100 ni wọ́n fi pín agbègbè. Ẹni tó bá ní ọmọ lọ́hùn-ún kò gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà Amẹ́ríkà gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn.

Mo ní láti yà díẹ̀ sórí oògùn áyódìn, nítorí pé òun ni àbúrò mi kọ́kọ́ béèrè. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ fún un pé kí ó rà á dání. Áyódìn olóró tí oògùn yẹn ń dí lọ́nà kí ó má baà wọ ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tó wà ní ọrùn máa ń dín sí ìdajì ní gbogbo ọjọ́ 8. Lẹ́yìn ọjọ́ 80 tí ríákítọ̀ ti kú, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ní oṣù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ áyódìn ti parí; sísíọ̀mù ló kù láti bẹ̀rù, oògùn yẹn kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. A kò tíì gbàgbé ọdún 2014 ní ilẹ̀ yìí, nígbà tí fóònù ń dún ní òru pé kí a dìde fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu nínú rẹ̀ nítorí Ebola, tí ìròyìn sì gbé e pé àwọn kan tó mu ún kú. Ìròyìn tí kò ní orísun máa ń yára ju panápaná lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fún ìyá àgbà tàbí ìkókó ní oògùn áyódìn láìjẹ́ pé àwọn aláṣẹ ìlera ibi tí wọ́n wà ló ní kí wọ́n lò ó.

Àdúgbò tí ọ̀pá rẹ̀ wà nínú àgbá

Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀pá bá ti lo nǹkan bíi ọdún márùn-ún nínú omi, nígbà mìíràn tí kò tó bẹ́ẹ̀, wọn yóò ti tutù débi tí a lè kó wọn sínú àgbá irin tí wọ́n jó ẹnu rẹ̀ pa, tí wọ́n sì gbé sínú kọnkéré tó nípọn. Ẹyọ àgbá kan pẹ̀lú kọnkéré rẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù 100 lọ. Afẹ́fẹ́ máa ń wọlé láti ìsàlẹ̀ kọnkéré, á gba ooru, á sì jáde lókè, láìsí pọ́ǹpù, láìsí iná mànàmáná. Bí iná bá lọ fún oṣù kan, kò sí ohun tí yóò yí padà. Àgbá kan kò sì lè fa iná ran gbogbo àwọn yòókù bí ọ̀pá inú adágún kan náà ti lè ṣe, nítorí pé olúkúlùkù ló dá wà.

Ètò pàjáwìrì tó kù fún irú ibẹ̀ kò kọjá inú ọgbà: ẹ̀ṣọ́ tó dìhámọ́ra, òṣìṣẹ́ tó ń wo ihò afẹ́fẹ́ àti ìwọ̀n ooru, àti nọ́ńbà tí wọn yóò pe sí ọ́fíìsì ìjọba bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kò sí fèrè nítorí pé kò sí ewu tí yóò yára débi tí fèrè yóò wúlò. Ohun tí ó yẹ kí olùgbé mọ̀ ni pé àwọn àgbá náà kò ní lọ lọ́la. Ní Wiscasset ní ìpínlẹ̀ Maine, wọ́n parí títú ilé iṣẹ́ Maine Yankee palẹ̀ ní 2005, koríko sì ti hù níbi tí ó wà, ṣùgbọ́n àwọn àgbá 60 tó kún fún ọ̀pá ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé Amẹ́ríkà kò tíì ní ibi tí wọn yóò gbé wọn lọ. Bí iṣẹ́ títú bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, olùgbé yóò tún máa rí àwọn ọkọ̀ tó ń kó àwókù, yóò sì dára kí ó béèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà.

Gbígbé tí wọ́n ń gbé ọ̀pá láti inú omi sínú àgbá ni iṣẹ́ tó gba ìṣọ́ra jù. Ní San Onofre ní California, ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, wọ́n ń sọ àgbá kan kalẹ̀ sínú ihò rẹ̀, ó sì há sórí òrùka irin tó wà lẹ́nu ihò náà. Okùn tó yẹ kó gbé e ti dẹ̀, kò sì sí ẹni tó tètè mọ̀, débi pé àgbá náà dá dúró síbẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 5 sí ìsàlẹ̀ láìsí ohun tó dì í mú. Kò já. NRC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ núkílíà ní Amẹ́ríkà, bu owó ìtanràn 116,000 dọ́là lé ilé iṣẹ́ náà. Nítorí èyí ni mo fi sọ fún ọmọ wa pé kí ó má fi gbólóhùn "wọ́n ti ń kó wọn sínú àgbá" ṣe "wọ́n ti kó wọn tán".

Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì

Bí ìfiwéra yìí bá parí síbí, ìpinnu ì bá rọrùn: ibi tí ewu pọ̀ sí ní ètò púpọ̀, ibi tí ewu kéré sí ní ètò kékeré, kí oníkálukú yan èyí tó wù ú. Ṣùgbọ́n àkókò kẹta kan wà láàárín tí ilé àkọ́kọ́ fẹ́ wọ̀, òun ni ó sì ń kọ mí lóminú jù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ríákítọ̀ pátápátá, ilé iṣẹ́ náà lè kọ̀wé sí NRC pé kí wọ́n yọ òun kúrò nínú ètò tó kan ìta ọgbà. Ohun tí wọ́n máa ń wò ni pé bí gbogbo omi adágún bá lọ, tí afẹ́fẹ́ kankan kò sì ran àwọn ọ̀pá lọ́wọ́ láti tutù, ṣé yóò tó wákàtí 10 kí irin tó bò wọ́n tó gbóná dé ìwọ̀n 900 Celsius? Bí ó bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà pé wákàtí 10 tó fún òṣìṣẹ́ láti tún da omi sí i, ó sì tó fún ìjọba ìbílẹ̀ láti kó èèyàn kúrò láìsí ètò pàtàkì. Nínú àbá òfin tí NRC gbé síta ní 2022, oṣù 10 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún irú ríákítọ̀ tí omi ti ń hó nínú rẹ̀, oṣù 16 sì ni fún irú èyí tí wọ́n fi ìfúnpá ká omi mọ́ kí ó má baà hó. Lẹ́yìn àkókò yẹn, wọ́n lè sọ àwọn fèrè kalẹ̀ kúrò lórí òpó, ìwé kò ní wá sí ojúlé mọ́, owó tí ilé iṣẹ́ ń fún àwọn ọ́fíìsì pàjáwìrì ìlú sì lè dúró. Ní gbogbo àsìkò yìí, inú omi ni àwọn ọ̀pá ṣì wà.

Ẹ wo bí ó ti rí ní àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n pa ilé iṣẹ́ Vermont Yankee ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 2014. Ètò ìta ọgbà dópin ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 2018 kí ọ̀pá tó kẹ́yìn tó wọ inú àgbá. Ó lé ní ọdún méjì tí adágún fi wà láìsí fèrè. Ní Pilgrim, tó wà ní Plymouth ní Massachusetts, wọ́n pa á ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2019, ètò dínkù ní oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n sì parí kíkó sínú àgbá ní oṣù kejìlá ọdún 2021. Ní San Onofre, NRC fọwọ́ sí ìyọkúrò náà ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2020 kí adágún tó ṣófo. Ọdún márùn-ún nìyẹn.

Mo ti gbọ́ àwíjàre àwọn tó fara mọ́ ètò yìí, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ewu náà kéré gan-an ní tòótọ́, ó sì ń kéré sí i lójoojúmọ́. Kíkó èèyàn sá náà ní ewu tirẹ̀: ní agbègbè Fukushima, àwọn tí ìnira sísá àti gbígbé lókèèrè ilé ṣokùnfà ikú wọn lé ní 2,000, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó àti aláìsàn tí wọ́n gbé láti ibùsùn dé ibùsùn. Ìlú tí kò bá nílò láti sá kò gbọ́dọ̀ sá.

Ṣùgbọ́n mo tún wo wákàtí 10 yẹn pẹ̀lú ojú ẹni tó mọ ìlú. Bí wọ́n bá sọ fún Ado-Ekiti lónìí pé kí ó ṣófo ní wákàtí mẹ́wàá, láìsí ìdánrawò, ọ̀nà Ikere, ọ̀nà Ilawe, ọ̀nà Iyin, ọ̀nà Iworoko àti ọ̀nà Ijan ni gbogbo wa yóò dà sí lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí tó kọ́kọ́ lọ yóò jẹ́ ti àríyànjiyàn bóyá òótọ́ ni. Èyí tó tẹ̀ lé e yóò jẹ́ ti wíwá ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Títí tí ẹnì kan yóò fi rántí pé ìyá àgbà wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Ètò ni ó ń sọ wákàtí 10 di wákàtí 10. Níbi tí kò bá ti sí ètò, mi ò rò pé ó ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ní tèmi, ó yẹ kí wọ́n fi fèrè sílẹ̀ títí ọ̀pá tó kẹ́yìn yóò fi kúrò nínú omi.

Bí a ṣe fi wọ́n wéra fún ẹni tí yóò gbé ibẹ̀

Mo ní kí ọmọ wa fi oṣù kà á. Oṣù mẹ́jọ ni ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti kú. Oṣù mẹ́ta ló kù kí ìyá rẹ̀ dé, oṣù mẹ́fà ni yóò sì lò. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹtàdínlógún lẹ́yìn pípa ni àbúrò mi yóò fi wà níbẹ̀, àárín ìgbà yẹn gan-an ni fèrè máa ń dákẹ́. Ìwé àdéhùn ilé náà sì jẹ́ ti ọdún méjì. Ètò tí ọkọ rẹ̀ rí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ yẹn kò ní bá wọn gbé títí àdéhùn yóò fi parí, ṣùgbọ́n adágún yóò bá wọn gbé e.

Ilé kejì sún mọ́ àgbá ní kìlómítà 3, jíjìnnà kìlómítà 6 sí adágún kò sì mú ilé àkọ́kọ́ sàn jù ú lọ. Mo mọ̀ pé èyí ni ó ṣòro jù fún wọn láti gbà, nítorí pé ojú ń rí àwọn àgbá náà láti ojú títì, funfun, gíga, pẹ̀lú wáyà yí wọn ká, nígbà tí adágún wà nínú ilé tí ojú kò tó.

Ilé kejì ni mo ní kí wọ́n gbà, òun ni wọ́n sì gbà. Ká ní kò sí ilé kejì ni, tí ó bá jẹ́ dandan kí wọ́n gba ti àkọ́kọ́, n kò ní sọ pé kí wọ́n má gbà á. Ìyàtọ̀ ewu náà kò tó èyí tí èèyàn yóò tìtorí rẹ̀ di aláìnílé. Ohun tí n bá ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì béèrè ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ kó ọ̀pá rẹ̀ kúrò nínú omi tán, bóyá ó ti kọ̀wé fún ìyọkúrò, àti ẹni tí yóò máa pe aráàlú lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ fèrè kalẹ̀. Àwọn ìpàdé tí wọ́n ti ń jíròrò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àlejò tó ń háyà ilé náà lè jókòó níbẹ̀.

Fún àbúrò mi, a kọ ìwé kan ní Yorùbá, a sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu fíríìjì. Ó ní bí ìkéde bá dé pé kí gbogbo èèyàn wà nínú ilé, kí ó gbé ọmọ wọ yàrá àárín, kí ó ti fèrèsé, kí ó pa fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù, kí ó má sì jáde lọ wá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wọlé láti ìta, kí ó bọ́ aṣọ òkè sí ẹnu ọ̀nà, kí ó sì wẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀, àti ti aládùúgbò kan tó ní ọkọ̀ wà ní ìsàlẹ̀. Ìlànà kan náà yóò wúlò bí ilé epo tàbí ọkọ̀ kẹ́míkà bá gbiná ní àdúgbò, irú ìjàǹbá tó sì ṣeé ṣe kó tètè bá wọn ju ti àgbá lọ nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan àwa fúnra wa

Nàìjíríà kò ní ilé iṣẹ́ iná núkílíà kankan. Ríákítọ̀ kékeré kan ló wà ní Zaria, ní Yunifásítì Ahmadu Bello, tí wọ́n ń fi ṣe ìwádìí láti 2004; agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílówáàtì 30, nígbà tí ríákítọ̀ ńlá kan ń mú ooru tó ń lọ sí mílíọ̀nù 3 kílówáàtì jáde. Ní 2018, wọ́n pààrọ̀ yùréníọ̀mù inú rẹ̀, wọ́n sì dá ti àtijọ́ padà sí China láìsí ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ti dárúkọ Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n lè kọ́ ilé iṣẹ́ iná sí. Kogi ló pààlà pẹ̀lú wa. Tí a bá fi okùn nà án, nǹkan bíi kìlómítà 100 ni Omuo-Ekiti jìnnà sí Geregu.

Nínú ìlànà IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ núkílíà, agbègbè tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ tètè sá lẹ́bàá ríákítọ̀ ńlá wà láàárín kìlómítà 3 sí 5, èyí tó tẹ̀ lé e dé kìlómítà 15 sí 30, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọjà lè dé kìlómítà 300. Gbogbo Ekiti pátá ló wọ inú ìyẹn. Fèrè kò kàn wá. Iṣu, ewédú, kòkó, omi odò àti wàrà àwọn màlúù tó ń jẹ̀ ní Ikole àti Omuo ni ó kàn wá.

Ẹni tó bá ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò pa ilé iṣẹ́ kan kí ó tó béèrè ètò pípa rẹ̀ ti pẹ́ jù, nítorí pé inú ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Bí NNRA, àjọ tó ń fún ni ní ìwé àṣẹ ní orílẹ̀-èdè yìí, bá pe aráàlú sí ìjíròrò lórí Geregu lọ́jọ́ iwájú, ọ̀nà méjì ló wà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́, ó sì yẹ kí a mọ èyí tí a ń yàn. Ọ̀kan ni pé kí ètò ìta ọgbà dópin lẹ́yìn iye oṣù kan tí ríákítọ̀ bá ti kú. Èkejì ni pé kí ó wà títí adágún yóò fi ṣófo, kí owó rẹ̀ sì ti wà ní ìpamọ́ kí wọ́n tó tan iná àkọ́kọ́. Ti èkejì ni mo fara mọ́, mo sì fẹ́ kí àwọn ọba wa àti àwọn aṣòfin Ekiti béèrè fún un ní orúkọ. Ibi tí wọn yóò ti ṣe àyẹ̀wò oúnjẹ, ẹni tí yóò wá mú wàrà àti iṣu láti Omuo lọ síbẹ̀, àti iye wákàtí tí èsì yóò fi dé ọwọ́ àgbẹ̀ náà, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn.